Kò Jẹun, Ó Gbé E Mì Ni

Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo agbára ọjọ́ orí mi ṣe ni kíkun ènìyàn lóorun. N kò gbẹ̀bí, n kò fi abẹ kan ara ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń rán wọn lọ, ẹlòmíràn ni í ṣe iṣẹ́ tó kù. Ohun èlò mi kò ju mẹ́ta lọ: ìgò oògùn kékeré kan, ìbòmú tí wọ́n fi wáyà tẹ̀, tí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, àti ọwọ́ ara mi. Màá gbé ìbòmú lé ènìyàn nímú, màá máa kán oògùn sórí aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, màá sì ní kó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ. Ibi tí kíkà bá ti dẹ́kun, ibẹ̀ ni oorun ti gbé e. Dókítà yóò wo ojú mi, màá mi orí, yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn wa wà lórí òpó igi létí odò, bíi gbogbo ilé tó yí i ká ní Ìlàjẹ. Ayé ìjọba òyìnbó ni. Dókítà òyìnbó kan máa ń ti òkè wá sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì lóṣù nínú ọkọ̀ onínjìn, yóò sùn ọjọ́ kan, yóò padà. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀fọn kò sì jẹ́ kó gbádùn odò wa rárá. Èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè rẹ̀, tí mo sì gbọ́ ti àwọn aláìsàn. Ohun tí mo bá ní wọ́n sọ ni wọ́n sọ. Ohun tí mo bá ní ó sọ ni ó sọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ohun tó ń gbé àwọn ènìyàn wa wá jù ni egungun ẹja. Ẹni tó ń jẹ ẹja láàárọ̀, tó ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, tó tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́, egungun yóò há a lọ́fun lọ́jọ́ kan, kò sí bó ṣe mọ̀ ọ́n jẹ tó. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá wálẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá wa. Dókítà ní irin gbọọrọ kan tó ní ihò láàárín, tí iná tí ń jẹ bátìrì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Yóò ti irin náà gba ẹnu wọ ọ̀nà ọ̀fun, yóò di ojú kan, yóò fi ojú kejì wo inú ènìyàn bí ẹni ń yọjú wo inú kànga. Tó bá rí egungun, yóò fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ kan fà á jáde. Kò sẹ́ni tó lè fara da irin náà lójúfò. Mo ti rí ọkùnrin tó ń wọ òkun láìbẹ̀rù tó gé ìka dókítà jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ìdí nìyí tí wọ́n fi nílò mi.

Wọ́n ní mo le. Mo le lóòótọ́. Nígbà tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ahọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ará odò ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá ní “ghán” dípò “wọ́n”, gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín, wọn á ní kí n tún un sọ. Mo sunkún fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ni mo gbé ahọ́n ìlú mi sọnù. Nígbà tí mo fi padà sílé, mo ti ń sọ Yorùbá àwọn oníwèé, mo sì ti ṣe ìpinnu pé n kò ní fi èdè mìíràn bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Bí àgbàlagbà bá wọlé tó ní ghán ní kí òun wá rí mi, màá bi í pé ta ló ń jẹ́ ghán. Màá dúró títí yóò fi sọ ọ́ bí mo ṣe fẹ́. Ojú á tì í. Ó máa ń dùn mọ́ mi, n kò ní parọ́.

Òfin kan wà tó ju gbogbo òfin iṣẹ́ mi lọ. Ẹni tí a bá fẹ́ kun lóorun kò gbọdọ̀ ní nǹkan kan nínú. Oògùn náà máa ń rú inú. Tí oúnjẹ bá wà níbẹ̀, yóò gòkè wá, ẹni tó ti sùn kò sì lè wúkọ́ kó gbé e jáde, ọ̀nà èémí ni yóò gbà wọlé. Nítorí náà ìbéèrè kan ni mo máa ń bi gbogbo wọn kí n tó ṣí ìgò: “Ṣé ẹ ti jẹun?” Bí mo ṣe kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, bí mo sì ṣe ń bi wọ́n nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan kò lé, ọ̀rọ̀ kan kò dín.

Lọ́dún kẹta tí mo dé ni opó kan gbé ọmọ rẹ̀ wá láti apá Awoye. Ọ̀kan nínú àwọn ìdílé Mùsùlùmí tí ń fi ọkọ̀ ná iyọ̀ àti aṣọ káàkiri odò ni wọ́n. Obìnrin náà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le bíi ti ọkùnrin, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ wá. Ọmọ náà ti tó ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, apẹja ni, ó ga, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀. Egungun ọ̀bọ̀kún ló há a, ó ti di ọjọ́ mẹ́ta. Itọ́ tó ń tu ti ń ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi kí n tó bi í pé ọmọ márùn-ún lòun bí, òun sin mẹ́rin, èyí ló kù. Mo dá a lóhùn pé n kò bi í léèrè iye tó bí.

Ọjọ́ kejì ni dókítà máa dé. Mo ní kí wọ́n sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì kìlọ̀ fún ìyá náà pé ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹun títí dókítà yóò fi ṣiṣẹ́ tán. Ó ní òun gbọ́. Lówùúrọ̀, nígbà tí a ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ọkọ̀ dókítà lókèèrè, mo jáde lọ bá wọn, mo sì béèrè.

“Ṣé ó ti jẹun?”

“Kò jẹun,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Mo wo ojú rẹ̀. Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kò jẹun. Mo ní kó búra. Ó fi Ọlọ́run búra, ó tún fi àwọn ọmọ mẹ́rin tó sin búra. Mo kọjú sí ọmọ náà, ó mi orí, ó ní òun kò jẹun. Irọ́ kankan kò sí lójú ẹnì kankan nínú wọn, nítorí kò sí irọ́ kankan lẹ́nu wọn.

A gbé e sórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ dúró sórí pákó lóde, a ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n pákó ni ògiri wa náà, ohun gbogbo ń jáde. Mo ní kí ọmọ náà máa kà. Ó bi mí pé kí lòun fẹ́ kà. Mo ní kó ka ohun tó bá wù ú. Ó ní ẹja lòun yóò kà nígbà náà, ṣùgbọ́n tí òun bá jí, kí n má ṣe sọ pé tèmi ni wọ́n. Dókítà rí i pé a ń rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ìdí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kán oògùn. Ó kà á ketekete, bí wọ́n ṣe ń kà á tí àwọ̀n bá gúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ń lọ sílẹ̀. Ó dé ẹ̀tàdínlógún, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo mi orí.

Irin náà kò tíì wọlé tó ìbú ọwọ́ kan nígbà tí àyà rẹ̀ fò sókè. Inú rẹ̀ rú, ọ̀fun rẹ̀ sì ń ti nǹkan bọ̀. Dókítà fa irin náà yọ. Ohun tó tẹ̀ lé e jáde jẹ́ funfun, ó le, epo pupa sì wà lára rẹ̀. Díẹ̀ ló jáde. Èyí tó kù yí sí ọ̀nà èémí, ó sì dí i gbọingbọin. Dókítà ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi ẹ̀mú wá a, a gbé e dojú dé, a lù ú lẹ́yìn, a fi orí rẹ̀ kọ́ sílẹ̀ létí tábìlì. Ojú ọmọ náà dúdú, ètè rẹ̀ di aró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ta pákó ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà kò ta á mọ́.

Mo mú lára ohun tó bọ́ sílẹ̀, mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Púpurú ni. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a mọ róbótó, tí a yan lórí iná títí èèpo rẹ̀ fi dúdú, tí a wá rò nínú omi gbígbóná. Oúnjẹ wa ni. Kò sí ẹni tí a bí létí odò tí kò mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Wọ́n ti mọ òkèlè náà, wọ́n ti fi epo pa á lára kó lè yọ̀, eyín kankan kò sì kàn án. Ó ti jókòó lé orí egungun náà láti òwúrọ̀, kò lè lọ, kò lè bọ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn. Ìbínú ló gbé mi jáde, ẹ má jẹ́ kí n pè é ní nǹkan mìíràn. Mo na ọwọ́ mi sí ìyá náà, mo fi ohun tó wà lórí ìka mi hàn án, mo ní kí ni èyí.

Ó wò ó. Kò tíì mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti kú. Ó fi ohùn ẹni tí ń ṣàlàyé dá mi lóhùn ní Ìlàjẹ pé òkèlè mẹ́ta lòun mọ fún un láàárọ̀, láti ti egungun náà. Mo ní kí ló dé tó fi búra pé kò jẹun.

“Éè jẹun,” ó ní. “Ó gbé e mì ni. Ọbẹ̀ dà níbẹ̀?”

Ó yọjú láti ẹ̀gbẹ́ mi, ó rí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì àti bí wọ́n ṣe wà. N kò rí ẹni tí nǹkan yé kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Kò ké. Ó di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, ó sì sọ gbólóhùn kan tí mo ṣì ń gbọ́.

“O ò sọ pé ààwẹ̀ ni. Bí o bá ti ní ààwẹ̀ ni, n kì bá fún un.”

Òótọ́ ni. Nílé wọn, láti ọmọdé ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tó ń gba ààwẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohunkóhun gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe oògùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ odò mọ̀, onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí. N kò lò ó. Jíjẹun ni mo béèrè, jíjẹun ni wọ́n sì dá mi lóhùn. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí kò ní ọbẹ̀, tí a kò rún, tí a kò jókòó tì, kì í ṣe oúnjẹ. Oògùn egungun ni.

Ohun tó burú ni pé mo mọ̀. Mo kéré, bóyá mo tó ọmọ ọdún méje, nígbà tí egungun há èmi náà. Ìyá ìyá mi gbé mi sáàárín orúnkún rẹ̀, ó mọ òkèlè púpurú, ó fi epo pa á, ó fi ìka tì í sí ìdí ahọ́n mi, ó ní, “Má rún un. Gbé e mì.” Mo gbé e mì, egungun náà lọ. Nígbà tí bàbá mi dé tó béèrè bóyá mo ti jẹun, ìyá àgbà ní n kò tíì jẹun, kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. N kò gbàgbé. Mo kàn ti kà á mọ́ àwọn nǹkan ará odò tí mo gbé sọnù pẹ̀lú ahọ́n mi.

Dókítà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bi mí pé kí ni obìnrin náà wí. Gbogbo ayé mi dúró sójú kan. Bí mo bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, yóò bi mí bóyá mo mọ àṣà yìí tẹ́lẹ̀, yóò sì bi mí ìdí tí n kò fi béèrè ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ ìlú béèrè rẹ̀. Mo ní ó ní òun purọ́. Mo ní ó ní ẹ̀rù ló ba òun.

Dókítà di ojú rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun kí i, kí n sọ fún un pé ó dun òun gan-an, pé òun bẹ̀ ẹ́. Mo kọjú sí ìyá náà. Ó ń wo ẹnu mi, ó ń retí ohun tí òyìnbó wí.

“Ó ní bí o bá sọ òótọ́, ọmọ rẹ ì bá wà láàyè.”

Ó wo dókítà. Dókítà mi orí sí i tàánútàánú, nítorí ó gbà pé ìkíni òun ni mo sọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di òtítọ́ lójú obìnrin náà nìyẹn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fi ọkọ̀ tí ó fi gbé e wá gbé òkú ọmọ náà lọ, ìyá rẹ̀ ló sì di àjẹ̀ mú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ìbéèrè mi padà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi aláìsàn pé ṣé ó gba ààwẹ̀, ṣé ohunkóhun ti gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá, ìbáà ṣe òkèlè egungun. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ nígbà náà ẹni tó jẹ̀bi, ìbéèrè tuntun yẹn ti sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fiyè sí i. Dókítà kò gbọ́ èdè wa, àwọn aláìsàn kò sì mọ ohun tí mo ń bi àwọn tó ṣáájú wọn.

N kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ obìnrin náà di ìkìlọ̀. Gbogbo ẹni tó bá gun orí pákó wa ni mo ń sọ ìtàn ìyá kan fún, tó búra èké tí ọmọ rẹ̀ fi kú. N kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í sinmi lórí odò, ọ̀rọ̀ náà kò sì sinmi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti Awoye dé Araromi. Wọ́n ní àwọn oníbàárà rẹ̀ kò jẹ́ kó gbé ọmọ wọn mọ́. Mo gbọ́ ọ. Mo ní inú mi kò dùn sí i, àmọ́ mo tún sọ ìtàn náà fún ẹni tó kàn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ṣe ìtúnu ààwẹ̀ tán, ìyá náà wá sílé ìwòsàn. Mo rò pé ó wá bá mi jà. Abọ́ kan ló gbé lé mi lọ́wọ́. Ẹja yíyan ni, ó ti ṣà á, ó ti yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé èyí tí ojú kò lè rí, ẹran lásán ló kù. Ó ní kí n má bínú pé òun parọ́ fún mi, òun sì dójú tì mí lójú ọ̀gá mi. Ó ní òun kò mọ̀ nígbà náà pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n bí òyìnbó ti wí bẹ́ẹ̀, tí èmi náà wí bẹ́ẹ̀, irọ́ ni.

Mo gba abọ́ náà. Mo dúpẹ́. Mo jẹ ẹja náà ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sì dùn. Ọdọọdún ló ń gbé e wá, ọdọọdún ni mo ń jẹ ẹ́. Ó tó ìgbà mẹ́fà. N kò rí egungun kan ṣoṣo nínú rẹ̀ rí, mo sì máa ń wá a.

Lọ́dún keje kò gbé ẹja wá. Ara rẹ̀ ló gbé wá. Obìnrin kan ládùúgbò rẹ̀ ló wa ọkọ̀, nítorí apá rẹ̀ kò lè gbé àjẹ̀ mọ́. Oúnjẹ kò lọ mọ́, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń lọ, òun náà pẹ̀lú ìrora. Dókítà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun fẹ́ fi irin wo ohun tó wà nínú ọ̀fun náà.

Ìyá náà jókòó sórí pákó, igbá kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń tutọ́ sínú rẹ̀. Bí itọ́ bá ti kún ẹnu rẹ̀ díẹ̀, yóò tẹ̀ síwájú, yóò tu ú. Ètè rẹ̀ ti bó. Obìnrin tó gbé e wá sọ fún mi pé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìjẹta, kò sì jẹ́ kí omi kàn án lẹ́nu, gbogbo ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ ẹ́. Mo jókòó tì í.

“Ìyá, ṣé ẹ gba ààwẹ̀?” ni mo bi í.

“Ààwẹ̀ rẹ ni mo ń gbà,” ó ní. “Mi ò gbé itọ́ mì. O lè wo inú igbá.”

Mo wo inú igbá náà, nítorí n kò lè wo ojú rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Dókítà ṣì ń fọ ọwọ́, àyè wà, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Mo ní kó dìde.

Nígbà tí mo gbé ìbòmú lé e nímú, mo ní kó máa kà láti orí ení. Mo rò pé kò gbọ́.

“Èjìdínlógún,” ó ní.

Ọwọ́ mi dúró lórí ìgò. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri pákó lọ́jọ́ náà, ó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ kà á dé. Ó ń kà á lọ jẹ́jẹ́, ọ̀kàndínlógún, ogún, ó ń dúró láàárín wọn bí ẹni ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo kán oògùn náà. Ní èjìlélógún, kò kà mọ́.

Dókítà ti irin wọlé. Bó ti ń yọjú wò, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí obìnrin náà, mo sì sọ ọ́, ní Ìlàjẹ tí n kò fi bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti di nọ́ọ̀sì. Mo ní kò purọ́. Mo ní èmi ni mo béèrè ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, èmi ni mo purọ́ fún òyìnbó, èmi ni mo tún purọ́ fún un. Mo ní òyìnbó kí i lọ́jọ́ náà ni, ó bẹ̀ ẹ́ ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ pátá. Omi bọ́ lójú mi sórí aṣọ ìbòmú, òórùn oògùn sì gba imú mi. Dókítà bi mí, láìgbé ojú kúrò nínú irin, pé kí ni mo ń sọ. Mo ní mo ń gbàdúrà fún un.

Mo mọ iṣẹ́ mi. Kò sí ẹni ní gbogbo odò yẹn tó mọ̀ jù mí lọ bí oorun náà ti jìn tó, àti ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ àti èyí tí kò lè gbọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo kán oògùn náà. Mo dúró kó sùn dáadáa kí n tó la ẹnu.

Dókítà fa irin yọ, ó mi orí. Kókó ló hù síbẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ó ní kí n sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ nílé.

Ọ̀sán ló jí. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni bóyá nǹkan kan jáde láti inú òun. Mo ní rárá, nǹkan kan kò jáde. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fọwọ́ mi pa ojú ara rẹ̀, ó ní Ọlọ́run ṣeun, òun kò parọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Oòrùn ṣì wà lókè. Ọkọ̀ rẹ̀ kò ní lọ títí omi yóò fi kún. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, etí rẹ̀ ń gbọ́, kò sì sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà àfi èmi àti òun.

Mo bu omi fún un. Ó gbé ife náà dé ẹnu, ó dúró, ó wo ojú mi, ó bi mí bóyá òun lè gbé e mì.

Mo ní ó lè gbé e mì.